Ẹfun Nínú Ìlà Amọ̀: Ladi Kwali, Tánganran àti Owó Ogún Náírà ní Ìta Tinúbú

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìta Tinúbú ní Erékùṣù Èkó lónìí, tí ó kọjú sí orísun omi tí àwọn ará Lẹ́bánónì fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà òmìnira ní ọdún 1960, kò ní í pẹ́ rí ilé Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Báǹkì yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959, Ìta Tinúbú sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kó lọ sí Àbújá. Bí ẹni náà bá wá yà sí ọ̀nà Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, yóò bá àwọn tí ń ta àwo tánganran pàdé: olódòdó, aláwọ̀ aró, èyí tí a fi àwọ̀ wúrà yí létí, púpọ̀ nínú wọn láti Ṣáínà. Irú àwo báyìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí, tí wọn kì í sì í bu oúnjẹ sí i àfi bí àlejò pàtàkì bá dé.

Owó kan wà tí báǹkì yìí ń ná sí ìgboro, tí àwòrán amọ̀kòkò wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó ₦20 ni. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1977, tí orí Ọ̀gágun Murtala Muhammed sì wà níwájú rẹ̀, kò sí owó kan ṣoṣo ní Nàìjíríà tí ó tóbi jù ú lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2007 ni wọ́n tún un ṣe ní oníke, tí wọ́n sì fi obìnrin tí ń mọ ìkòkò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní kíláàsì, mo máa ń gbé owó náà sókè, kí n sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ta ni obìnrin náà. Ìdáhùn tí mo máa ń gbà jù ni pé, “Ìyá kan tí ń mọ ìkòkò ni.” Ìdáhùn náà kò kúkú burú. Ladi Kwali ni ìyá náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní orúkọ tí àwòrán rẹ̀ wọ ara owó Nàìjíríà.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tí ó ni ọnà tí ó wà lára ìkòkò Ladi Kwali. Bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀, òyìnbó amọ̀kòkò kan tí ń jẹ́ Michael Cardew ni ó “ṣàwárí” rẹ̀, tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, tí ó sì sọ ọ́ di olókìkí. Èrò tiwa ni pé iná àti dídán ni Cardew mú wá. Ọnà ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé, ìdí sì nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi yàtọ̀ sí gbogbo ohun mìíràn tí ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ohun tí a ń pè ní tánganran

Orúkọ kan ni Yorùbá fi ń pe nǹkan méjì. Àwo amọ̀ funfun tí ó ń dán, tí ń ró bí agogo bí a bá fi ìka ta á, tánganran ni. Abọ́ irin tí a fi ọ̀dà dídán bò, èyí tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sóde ìyàwó, tánganran náà ni. Hausa ń pe àwo bẹ́ẹ̀ ní tangaran pẹ̀lú, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ lójú ẹni tí ń sọ èdè ni dídán àti jíjẹ́ ohun tí ó ti òkèèrè wá. Kò sí amọ̀kòkò Yorùbá tí a ó sọ pé ó ń mọ tánganran.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Amọ̀ funfun tí a ń pè ní kaolin ni ìpìlẹ̀ tánganran gidi. Orúkọ náà wá láti Gaoling, abúlé kan nítòsí Jingdezhen ní Ṣáínà. Ẹfun tí àwọn ọlọ́ṣà wa fi ń kun ojúbọ Ọbàtálá, mọ̀lẹ́bí amọ̀ yìí ni. Ó wà nílẹ̀ ní Ìjerò-Èkìtì, ó wà ní Kankara ní ìpínlẹ̀ Katsina. Ìyàtọ̀ wà nínú iná. Ìkòkò tí a kó jọ sí gbangba, tí a fi igi àti koríko gbígbẹ sun, kì í sábà gba ooru tí ó kọjá ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tánganran ń fẹ́ bíi 1,300, èyí kò sì ṣeé ṣe láìsí ààrò tí a mọ, tí a sé mọ́ ooru. Ọdún 1710 ni ilé iṣẹ́ Meissen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọba Yúróòpù ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ná owó lórí ti Ṣáínà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kò ṣe é.

Ọ̀nà méjì ni ọnà aláwọ̀ fi ń wọ ara irú amọ̀ báyìí. Èkínní ni kí a kùn ún sórí, bíi ti àwo olódòdó tí ó kún Balógun. Èkejì ni kí àwọ̀ náà jẹ́ amọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó wà nínú ara ohun tí a mọ. Àwọn ará Jàpáàn ń po amọ̀ oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n á gé wọn ní ìbú, ọnà náà á sì hàn níwájú àti lẹ́yìn. Nerikomi ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà ìjọba Tang. Ní Kóríà, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, wọ́n ń fín ìlà sí ara ìkòkò tútù, wọ́n ń fi amọ̀ funfun tàbí dúdú dí ìlà náà, kí wọ́n tó da gíléèsì aláwọ̀ ewé bò ó. Ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá ti wọ̀ lára, ó ṣòro kí ó tó tún padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Àwọ̀ tí a kùn sórí lè họ. Èyí tí ó wà nínú amọ̀ kò lè kúrò àfi bí ìkòkò bá fọ́, bí ó bá tilẹ̀ fọ́, yóò hàn lára àpáàdì.

Ẹ̀rí pé Yorùbá mọ irú èrò yìí wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ilẹ̀ àgbàlá tí a fi àpáàdì tẹ́ níbẹ̀, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ àṣẹ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, kì í ṣe ohun tí a kùn. A to àpáàdì ní ìdúró ẹ̀gbẹ́, ìlà kan kọjú sí èkejì bí eegun ẹ̀yìn ẹja, a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí àárín wọn níbòmíràn. Bí ẹsẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọnà náà ṣe ń wà síbẹ̀, nítorí pé ó lọ dé ìsàlẹ̀.

Kwali kí Cardew tó dé

Nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí Ladi ní abúlé Kwali, láàárín àwọn Gbagyi tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Gwari. Abúlé náà wà nínú agbègbè olú-ìlú Àbújá lónìí. Iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ níbẹ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn amọ̀kòkò àti aláró ti ń bọ Ìyá Mọ̀ọ́pó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ ọ. Wọ́n á yí amọ̀ bí okùn, wọ́n á ká a lé ara wọn, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ lù ú títí yóò fi fẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọnà yóò kàn. Wọ́n á yí igi kékeré tí a gé lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí okùn tí a lọ́, gba ara ìkòkò náà, yóò sì fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní ipele ipele. Láàárín àwọn ìlà yìí ni Ladi máa ń fín ẹranko sí: àkeekèé, alángbá, ọ̀nì, ọ̀gà, ejò, ẹyẹ, ẹja. Kì í fín wọn bí ẹni tí ó ń ya àwòrán wọn láti ojú. Ìlà tí ó di alángbá kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìlà tí ó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí tí alángbá náà wà nínú rẹ̀.

Kí ìjọba amúnisìn tó ronú nípa ilé iṣẹ́ ìkòkò rárá, ìkòkò rẹ̀ ti ń tà. Kókó yìí ni àwọn tí ń sọ ìtàn ìṣàwárí kì í dúró lé lórí. Ní ọdún 1950, nígbà tí Cardew kọ́kọ́ rí iṣẹ́ Ladi, inú ààfin Ẹ́míà Àbújá, Alhaji Suleiman Barau, ni ó ti rí i. Ẹ́míà ti rà wọ́n, ó sì ti kó wọn sí ibi tí àlejò lè rí wọn. Ẹni tí ọba ti ra iṣẹ́ rẹ̀ sí ààfin, ta ni ó tún kù láti ṣàwárí rẹ̀?

Iná àti gíléèsì

Cardew kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Wọ́n bí i ní ọdún 1901. Ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bernard Leach ní St Ives láti 1923, Leach fúnra rẹ̀ sì ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò ní Jàpáàn. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Achimota ní Gold Coast nígbà ogun, ó ti gbìyànjú tirẹ̀ ní Vume létí odò Volta, àìsàn àti àdánù sì lé e padà sílé ní 1948. Ní ọdún 1951 ni ìjọba Nàìjíríà gbà á gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Iṣẹ́ Ìkòkò, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Àbújá ní 1952. Ìlú yìí ni a ń pè ní Suleja nísinsìnyí, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ gba orúkọ rẹ̀ fún olú-ìlú tuntun. Ìtàn orúkọ tí a gbà lọ́wọ́ onílé kò tán níbẹ̀.

Èrò ìjọba ni pé kí ilé iṣẹ́ náà máa ṣe àwo, jọ́ọ̀gì àti ìkòkò tíì tí ó le, tí ó sì ń dán, láti inú amọ̀ àti òkúta ilẹ̀ yìí. Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, wọ́n sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń mọ ìkòkò lórí ẹ̀rọ tí ń yí. Ní ọdún 1954 ni Ladi Kwali wọlé, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n kò fi okùn amọ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀lé e: Halima Audu, Asibi Ido, Kande Ushafa. Yàrá tiwọn ni wọ́n ń pè ní Dakin Gwari.

Níbẹ̀ ni ohun tí ó jẹ wá lógún ti ṣẹlẹ̀. Ìkòkò ńlá tí Ladi fi ọwọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní Kwali wá wọ ààrò tí ń gba igi, tí ooru rẹ̀ ń tó 1,300. Kí ó tó wọlé, yóò ti fín ọnà rẹ̀ sí i, yóò sì fi amọ̀ funfun dí ojú ìlà náà. Lẹ́yìn náà ni gíléèsì aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ yóò bò ó. Nígbà mìíràn, inú omi amọ̀ pupa tàbí funfun ni ó ti máa ń ri ìkòkò kékeré bọ̀, tí yóò fi ẹ̀gún òòrẹ̀ ha á títí àwọ̀ ìsàlẹ̀ yóò fi yọ. Bí iná bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, alángbá Kwali yóò yọ ní funfun lábẹ́ dídán, bí ohun tí ó wà nínú omi.

A kò ní í purọ́ pé Kwali ni fífi amọ̀ funfun dí ìlà ti wá. Iṣẹ́ àwọn ará Kóríà ni ó jọ jù, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí ó gbà dé Àbújá jẹ́ ti Leach àti Cardew. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí amọ̀ funfun náà ń ṣe. Ó ń tẹ̀ lé ìlà ni. Bí ìlà kò bá sí níbẹ̀, kò ní ibi tí yóò wọ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n wà ní ilé iṣẹ́ kan náà ní amọ̀ kan náà, gíléèsì kan náà àti ààrò kan náà, iṣẹ́ wọn sì dára. Síbẹ̀, ìkòkò Ladi ni Lọ́ńdọ̀nù sáré wá wò ní Berkeley Galleries ní 1958, 1959 àti 1962. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ohun tí ó mú wá láti ilé.

Àmù tí kì í mú omi tutù mọ́

Iṣẹ́ yìí gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìkòkò náà pẹ̀lú, èyí tí àwọn tí ń yin gíléèsì kì í sọ. Gbogbo ẹni tí ó bá dàgbà nílé tí àmù wà mọ̀ pé omi inú rẹ̀ a máa tutù láìsí iná mànàmáná. Ara àmù ni ó ń mí: omi díẹ̀díẹ̀ ń jò gba inú amọ̀ jáde sí òde, atẹ́gùn ń gbé e lọ, ooru inú omi sì ń bá a lọ. Bí a bá ti da gíléèsì bo àmù, tí a sì fi iná ńlá sún amọ̀ rẹ̀ pọ̀, kò mí mọ́. Ìkòkò tí Ẹ́míà rà lè pọn omi, ó sì lè mú un tutù. Èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò lè mú omi tutù, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti di ohun wíwò, bí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ṣé àdánù ni? Mo rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ladi nìkan ni ó rí i tí ọjà àmù ń kú. Páìpù omi, garawa irin, lẹ́yìn náà ike àti fíríìjì, ni wọ́n pa á, ní Kwali àti ní Èkó. Àwọn obìnrin Dada ní Òkèlele, Ìlọrin, àti àwọn ti Ìpetumodù ṣì ń mọ ìkòkò lónìí, àwọn tí ń rà á sì ti dín kù. Ladi rí ọ̀nà kan tí ọnà rẹ̀ fi lè wà láàyè lẹ́yìn tí iṣẹ́ ìkòkò náà ti parí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kù

Ní ọdún 1961, ó lọ fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn amọ̀kòkò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dé ilé iṣẹ́ Cardew ní Wenford Bridge. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ní 1972, òun, Cardew àti Kofi Athey ọmọ Gánà jọ rin ìrìn àjò káàkiri Amẹ́ríkà. Kì í sábà sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wò. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1977, ìjọba Nàìjíríà sì fún un ní ẹ̀bùn NNOM ní 1980. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1984.

Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀kòkò Yorùbá kan, a ó rí bí orúkọ ṣe ṣòro tó láti ní. Abátàn, obìnrin Òkè-Ọ̀dàn ní Yewa, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1885, ni ó ń mọ awo ọta fún àwọn olórìṣà Ẹ̀yinlẹ̀: ìkòkò onídèérí tí a ń fi òkúta odò àti omi sí, tí ère obìnrin sì wà lórí ìdérí rẹ̀. Gbogbo agbègbè náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n, àwọn olórìṣà sì ń wá a kiri. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ọnà ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ lórúkọ ní 1969. Bí Thompson kò bá lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, “ìkòkò Yorùbá” lásán ni a ó máa kà lára iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ọnà, bí a ti ń kà á lára ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin mìíràn. Wọ́n ní orúkọ, àwọn tí wọ́n ra ìkòkò lọ́wọ́ wọn sì mọ orúkọ náà. Àwọn tí wọ́n kó o lọ sókè òkun ni kò béèrè.

Ojúlówó ìṣòro ọ̀rọ̀ “ṣàwárí” nìyí. Ó ń sọ àìbéèrè àlejò di àìmọ̀ onílé.

Lẹ́yìn owó

Ìta Tinúbú fúnra rẹ̀, orúkọ obìnrin ni ó ń jẹ́. Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò tí kónsù Gẹ̀ẹ́sì Benjamin Campbell lé kúrò ní Èkó ní 1856, padà di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n gbìyànjú láti máa pe ibẹ̀ ní Ìta Òmìnira. Àwọn ará Èkó kò gbà. Ní etí ìta yìí kan náà ni ilé Ìlọ́jọ̀ wà, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 ní ìṣe àwọn àgùdà, tí ìjọba sì kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn tí wọ́n rò pé bí ìjọba bá ti kọ orúkọ nǹkan sílẹ̀, ọ̀ràn ti parí.

₦20 náà kò níyì bí ti tẹ́lẹ̀. Ní Balógun, kò tó ra àwo tánganran tí ó ti ya létí. Awakọ̀ èrò ń ká a pọ̀ mọ́ ₦10, oníke rẹ̀ ti ṣá, ọ̀pọ̀ ni a ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣeé rí bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó yà á ní oríṣiríṣi nǹkan tí ó lè mú: ìkòkò aláwọ̀ ewé tí ń dán nínú ilé ọnà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, oyè MBE, ààrò Suleja, Cardew pàápàá. Kò mú ọ̀kankan nínú wọn. Obìnrin kan ni ó yà, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìkòkò tí ó ṣì ń mọ, tí kò tíì wọ iná.